Rédíò Bàbá Mi àti Ọwọ́ Mi Tí Kì Í Sinmi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ọwọ́ ara mi ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí ní Ìnísà níbí. Bí mo bá wọlé yín tí sítóòfù yín ń ṣèéfín, kí ẹ tó bu omi fún mi mu, mo ti tú u. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò. Ọwọ́ ló kàn ń yún mi.

Àbúrò mi, Oyèwálé, ti lo ọdún mẹ́rin ní London níbi tó ti ń kàwé. Lẹ́yìn tó lọ ni ojú bàbá wa ní Òkukù fọ́. Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni mò ń kà á fún wọn. Wọ́n á gbọ́ tán, wọ́n á ní, "Ohùn tìrẹ nìyẹn, Àyìndé. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ìgbà tó yá ni lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba ohùn Oyèwálé sílẹ̀, pé yóò kí àwọn ará ilé lórí rédíò ní Sátidé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò gbé e.

Bàbá ní rédíò kékeré kan. Kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń họ díẹ̀, bí àgbàdo tó ń ta nínú iná. Mo dé Òkukù láàárọ̀ Sátidé náà, mo gbọ́ họhọ yẹn, ara mi ò gbà á. Mo ní kí n tún un ṣe kó lè dún ketekete. Màmá ní, "Àyìndé, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Mi ò gbọ́. Mo kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, mo sá wọn sóòrùn lórí ọpọ́n tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè tún lágbára. Mo wá fi sukurudiráfà tú ẹ̀yìn rédíò. Mo nu eruku, mo fọwọ́ tẹ wáyà ibí, mo tẹ tọ̀hún. Nígbà tí mo dè é padà tán, tí mo to bátìrì padà sí i, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, rédíò ò sì sọ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ họ mọ́.

Ẹ̀yin ará, inú mi dàrú. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì, mo tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Mo jókòó, mo dìde. Mo ní bóyá bátìrì ló ti kú, mo bá gun kẹ̀kẹ́, ó di Ìkìrun, oòrùn ọ̀sán ń pa mí lórí. Mo ra mẹ́rin tuntun, mo sáré padà, mo tò wọ́n sí i. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ẹbí láti Ìbà àti Eko Ende ti kún pálọ̀. Bàbá tí kò ríran ti wọ agbádá nítorí rédíò. Wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé ó ti tó mẹ́rin?" Ó ti lé ní mẹ́ta ààbọ̀. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí bí ohùn yẹn bá kọjá lọ, èmi ni mo fi du bàbá mi.

Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo kúnlẹ̀. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, "Olúwa, èmi ni mo bà á jẹ́. Rán ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sí mi." Mo lajú, Màmá ló dúró tì mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, àdúrà ni mò ń gbà."

Wọ́n ní, "Mo rí ọ. Bátìrì yẹn, báwo lo ṣe tò ó?"

Mo ní gbogbo rẹ̀ ni mo kọjú rẹ̀ síbì kan náà, bíi ti tọ́ọ̀ṣì.

"Ìyẹn kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń bá bàbá rẹ sá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Bí ọ̀kan bá kọjú síbí, èkejì á kọjú sọ́hùn-ún. O ò bi mí."

Lóòótọ́, mi ò bi wọ́n. Màmá ò mọ̀ọ́kọ, wọn ò mọ̀ọ́kà, èmi tíṣà ò ronú kàn wọ́n rárá. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tò ó, èmi kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Họhọ tí mo fẹ́ wò sàn láàárọ̀, orin ló jẹ́ létí mi.

Agogo mẹ́rin lù, Oyèwálé sọ̀rọ̀. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba rédíò náà mọ́ àyà, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn. Òun nìyẹn." Ó kí Bàbá, ó kí Màmá, ó wá ní, "Ẹ bá mi kí bọ̀ọ̀dá mi tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú rédíò yẹn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́.

Nọ́ọ̀tì náà rèé lọ́wọ́ mi. Títí di òní mi ò mọ ibi tó ti jáde, rédíò sì ń sọ̀rọ̀. Mo ti fi sukurudiráfà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Láti ìgbà tí mo ti dìde ni mo ti rí i pé aago ṣọ́ọ̀ṣì wa lára ògiri yẹn ti dúró, ọwọ́ sì ń yún mi. Mi ò ní débẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, kí ẹni tó jókòó tì mí sì bá mi di ọwọ́ yìí mú.