Mo Gbọ́ Tí Ẹ̀rọ Náà Ń Ké, Mo sì Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Inú ń bí mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìbínú ni mo fi ń bọ́jú. Obìnrin kan wà ní òdìkejì títì, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kabba níbí. Bí mo bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú oníbàárà, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́. Mo gbẹ̀san lára rẹ̀, ẹ̀san náà sì dùn mọ́ mi fún ọjọ́ kan péré. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wojú àwọn ọmọ ìyá mi. Àbúrò mi ọkùnrin ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń bọ̀ wá gbọ́ nílé, èmi ni mo sì jẹ́ kó ṣègbé.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí wọ́n bá gbé òkú àgbà wálé láti Àbújá tàbí Èkó, àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fẹ́ fídíò tó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, kí gbogbo àlejò jókòó wò ó kí wọ́n tó jẹun. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe é, dúdú ni, ó ki pọ́pọ́, ó wúwo bí ọlọ. Bí mo bá gbé e lọ sí Ẹ̀júkù, èjìká á máa ro mí títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà, ọmọ Ìyàrá ni, Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti tú ikùn ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi kún mẹ́mọ́rì rẹ̀, ó yọ ibi tí wọ́n ń ki àwo sídìí sí, ó fi háàdì dísìkì kejì síbẹ̀, èyí tó gba gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti ọdún mẹ́rin. Bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Méjì ni mo ní. Bí iná bá lọ, tí ọ̀kan sì kú, mo máa ń yọ ọ́ ni, mo ń ki èkejì bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá.

Inú háàdì dísìkì kejì yẹn ni ohùn ìyá mi wà. Ògìdì ni Ìyá ń gbé. Nígbà tó mọ̀ pé àìsàn náà kò ní lọ, ó ní kí n gbé kámẹ́rà wá. Ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, ó wúre fún àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wá lórúkọ, ó ń kì wá. Olú, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló fi ṣe ìkẹyìn. Tirẹ̀ ló pẹ́ jù, nítorí Ìyá mọ̀ pé ìwé ìgbélùú Olú kò tíì pé lọ́hùn-ún ní ìlú òyìnbó, kò ní lè wá sin òun. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an nígbà náà. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń dùn mí jù? Èmi tí mo dúró síwájú rẹ̀, n kò fetí sí i. Oòrùn ń bọ́ sẹ́yìn ewé, mo ń wá bí ojú Ìyá kò ṣe ní ṣókùnkùn nínú àwòrán. Mo ní mo ṣáà máa gbọ́ ọ tó bá yá. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọmọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fídíò yẹn títí Olú yóò fi dé. Ní ọjọ́ ìrántí ọdún kan, a ó jókòó pọ̀ ní pálọ̀ Ìyá, a ó jọ gbọ́ ọ. Ọwọ́ èmi tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi í sí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Rónkẹ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó kéré sí mi díẹ̀, Sístà ló ń pè mí, a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi tí mo bá ti ń ya fídíò, òun ló ń ya fọ́tò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi láptọ́ọ̀pù mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti wọ òde ìnáwó, á kí mi ní èdè ilẹ̀ wa, “Okun o, Ìyá Ọlọ. Ata mélòó lẹ fẹ́ lọ̀ lónìí?” Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń wọ̀ mí lára. Ó ní ojú ni àwọn ará Àbújá fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé láptọ́ọ̀pù tuntun kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi ránṣẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé orin, ó ń dán gbinrin, ìka méjì ni mo fi gbé e.

“Sístà, ẹ̀yin ni èyí yẹ,” ó ní. “Ẹ gbà á, kí ẹ gbé ọlọ yín fún mi, kí àwọn ọmọ mi máa fi ṣeré.”

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí o. Iṣu ni bàbá wa gbìn títí ó fi kú. Láti kékeré ni Ìyá ti kọ́ mi pé kí n tó ná iṣu lọ́jà, kí n gbé e sọ́wọ́ wò. Èyí tó bá tóbi tó sì fúyẹ́, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè ta iṣu fífúyẹ́ fún mi ní gbogbo Kabba. Èmi yìí kan náà ni mo gbé ẹ̀rọ sọ́wọ́, tó fúyẹ́, tí mo sì ń yọ̀. N kò béèrè bí àyè inú rẹ̀ ṣe tó. N kò béèrè bóyá ikùn rẹ̀ ṣeé tú. Rónkẹ́ dúró tì mí, ó ní ọkọ òun ń retí òun nínú mọ́tò. Mo sáré kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sínú tuntun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Rónkẹ́ ní kí n fi ìyókù sílẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ òun ló wà. Fọ́dà fídíò Ìyá, tí mo kọ ÌYÁ WA sí, wà lójú ẹ̀rọ àtijọ́ náà, òun ni mo gbé kẹ́yìn. Kíá ló wọlé. Mo rí orúkọ náà lójú tuntun, ọkàn mi balẹ̀. Nítorí ìpinnu àwa ọmọ, n kò ṣí i wò.

Kò pé oṣù kan tí ojú mi fi là. Bí mo bá gbé fídíò wákàtí kan sórí nǹkan yìí, á máa gbóná, á máa fà, á ní àyè ti tán. Bí iná bá lọ, wákàtí méjì ni bátìrì rẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè yọ ọ́. Mo gbé e tọ Ẹnjiníà lọ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mi orí. “Sístà, wọ́n ti lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú kan. N kò rí nǹkan kan fi kún un. Ẹ̀rọ dáadáa ni fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, tó ń kọ lẹ́tà. Ẹrù tiyín ti pọ̀ jù fún un.” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Rónkẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, tó kọ ọ́ sára ògiri pé òun ń ṣe fídíò. Kí ni mo rí lórí tábìlì rẹ̀? Ọlọ mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fi ṣeré rí.

Ìlú Iffe ní ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wá dójú tì mí. Òkú tísà àgbà obìnrin kan ni, àwọn ọmọ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn, ọ̀sán gangan. Mo tan fídíò. Kò tíì dé ìdajì tí àwòrán fi dúró gbagidi, tí ẹnu màmá náà là sílẹ̀ lára ògiri níwájú gbogbo ayé. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, ẹ̀rọ kò dáhùn. Ọmọ rẹ̀ àgbà gba gbohùngbohùn, ó ní, “Màdáámú, ṣé a kò sọ fún yín pé ìyá wa nìyí ni?” Rónkẹ́, tó wá ya fọ́tò níbẹ̀, dìde láàárín èrò. Ó gbé láptọ́ọ̀pù mi jáde, ó gba fúláàṣì tí fídíò náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ̀ ọ́, fídíò sì ń lọ geere. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, “Ẹ má bínú sí Sístà mi, iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ ni.” Iṣẹ́ ọwọ́ mi, nínú ẹ̀rọ mi, òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: kẹ́-kẹ́-kẹ́, láti ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀rọ náà, ibi tí háàdì dísìkì kejì wà. Ẹnjiníà ti kọ́ mi tipẹ́ pé bí mo bá gbọ́ irú ohùn yẹn, kí n kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, nítorí ó ti ń kú lọ. Rónkẹ́ kò mọ̀. Mo wojú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí mo dé Kabba, mo sọ fún Ẹnjiníà. Ó ní kí òun lọ kìlọ̀ fún un, ẹrù ẹlẹ́rù ló wà nínú rẹ̀. Mo ní bí ó bá lọ, kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo òdìkejì títì, mo ń dúró.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tó fi ṣẹlẹ̀. Háàdì dísìkì kú pẹ̀lú fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta tí Rónkẹ́ kò tíì fún àwọn tó ni ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá ìyàwó kan dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń pè é ní olè, tí Rónkẹ́ ń sunkún pẹ̀lú dísìkì náà lọ́wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi dùn. Mo wọlé, mo pààrọ̀ aṣọ, mo wé gèlè, mo sọdá títì.

“Mo gbọ́ ọ ní Iffe,” mo ní. “Ó ń ké lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ó ń kú lọ. Iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ, àbí?”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ra mọ́lítìnà tútù kan, mo mu ún tán.

Ní ọjọ́ kejì ni Olú pè mí. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. “Sístà mi, ohùn Ìyá dà? Ẹ ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa?” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tan ẹ̀rọ. Mo ní kí n kàn tẹ ÌYÁ WA wò lẹ́ẹ̀kan, n kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà dá mi lóhùn pé òun kò rí ohun tí mo ń wá. Mo tún un tẹ̀. Mo sáré gbé e lọ bá Ẹnjiníà. Ó wò ó. Ó ní àmì lásán ni mo gbé, àmì tó ń júwe ọ̀nà ibi tí fídíò wà. Fídíò fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú háàdì dísìkì kejì rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n má sunkún, ẹnìkan wà ní Ìlọrin tó ń tú dísìkì tó ti kú, tó lè yọ ohun inú rẹ̀, bí dísìkì náà bá ṣáà ti wà nílẹ̀.

Mo tún sọdá títì. Lọ́tẹ̀ yìí n kò wé gèlè. Mo kúnlẹ̀ níwájú Rónkẹ́, èmi tí mo jù ú lọ. Mo ní kó fún mi ní dísìkì tó kú náà, ohùn ìyá mi ló wà nínú rẹ̀.

“Mo mọ̀ pé ẹ fi fọ́dà Ìyá sílẹ̀ níbẹ̀,” ó ní. “N kò ṣí i rí. Mo rò pé ẹ ti mú tiyín. Ní ọjọ́ tí ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú bí mi, mo mú dísìkì náà, mo jù ú sí ṣáláńgá.”

Bí ẹ bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù, ẹ má jẹ́ kí títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ọkàn yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹrù tí ẹ fẹ́ dì lé e, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè fi nǹkan kún inú rẹ̀ lọ́la. Èyí rọrùn láti sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbẹ́ kòtò ìkà, ẹ má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí n kò mọ̀ pé ìyá mi ni mo ń tì sínú tèmi.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni mo ń wá lọ́wọ́ yín, nítorí n kò tíì dárí ji Rónkẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì le. Olú pàápàá kò rọ̀. Bí mo bá sọ fún wọn pé Rónkẹ́ ju ohùn Ìyá sí ṣáláńgá, òótọ́ ni, n kò parọ́, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọn yóò fi lé e kúrò ní Kabba. Lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá sí ẹnu mi, tó sì ń dùn mọ́ mi. Àbí kí n sọ ìyókù, pé mo gbọ́ nígbà tó ń ké, tí mo sì ní kí Ẹnjiníà dákẹ́? Olú kò tilẹ̀ bi mí nípa ẹ̀rọ. Àná ló tún pè. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe fídíò náà, kò burú, ṣebí èmi ni mo wà níwájú Ìyá lọ́jọ́ náà. Kí n kàn sọ fún òun, kí ni Ìyá sọ? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Èmi ni mo wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́. Oòrùn ni mo ń wò.