Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Àwòrán Ẹyẹ Mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣí ojú ewé yìí láti mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sọ fún yín pé èmi nìkan ni mo kọ́ ìkànnì ilé-iṣẹ́ oníbàtà tí gbogbo ayé ń yìn, pé kò sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ mi ò ká, àti pé tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń fi igi gbẹ́ ẹyẹ. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ òní. Ohun tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ti pẹ́ nínú mi, ó sì ti ń rùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ wà nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tábìlì kan, fèrèsé kan, àti fáànù kan tó máa ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Èmi ni mo ṣáájú débẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é, torí kò sí ihò tí àṣìṣe lè sá sí tí kò ní bá a débẹ̀. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá tì, á mu omi díẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà kẹrìnlá ni. Ẹ ṣí àmì àkámọ́ kan níbẹ̀, ẹ ò pa á dé." Tó bá di ọ̀sán, á mú ọ̀bẹ kékeré, á máa fi àgékù igi káfíńtà ìsàlẹ̀ gbẹ́ ẹyẹ. Mo dán an wò lọ́jọ́ kan. Mo gé ìka ara mi, ohun tí mo gbẹ́ kò jọ ẹyẹ, kò jọ ewúrẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igi yẹn dáná."

Ó ní àṣà kan tí mi ò kà sí. Lẹ́yìn gbogbo àwòrán tó bá gbé sórí ìkànnì, á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ojú kì í rí. Fóònù ló máa ń kà á sókè fún àwọn tí kò ríran. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ́rẹ́, afọ́jú wo ló fẹ́ wá wo bàtà?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, afọ́jú náà lẹ́sẹ̀." Nígbà tí a jọ ṣe ojú ewé yìí, tó jẹ́ ti àwa méjèèjì nígbà náà, òun ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwòrán. Mi ò ka ọ̀kan rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe ló ń wọ inú àkójọ kan, àkójọ náà á sì kọ orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà Abẹ́rẹ́ kú. Ọ̀gá wa kò ra òmíràn, ni ó bá ń lo tèmi fún oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé lórúkọ mi. A fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì, kò ní rẹ̀ yín o!" Àfi bí ọ̀gá ṣe pè wá lọ́jọ́ kan pé ẹnì kan péré ló máa kù. Ó tẹ ìka mọ́ àkọsílẹ̀. "Oṣù mẹ́rin, ìlà kan ò sí lórúkọ rẹ." Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ bẹ̀rù. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbólóhùn kan ni. Mo wo bàtà mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí àkọsílẹ̀ bá sọ náà ni." Ègbé ni fún ẹnu tó sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àtùpà tí wọ́n ti pa tí òwú rẹ̀ ṣì ń pọ́n. Ó kó ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹyẹ mẹ́ta tó wà lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú wọn."

Mo tọ́jú wọn lóòótọ́! Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lójú ewé, mo sọ iṣẹ́ rẹ̀ di tèmi, mo wá fa ẹyẹ sọ́dọ̀ ara mi torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn wọn. Ìyàwó tí mo fẹ́, ẹyẹ kan ni mo kọ́kọ́ fi tọrọ ìfẹ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ́ ẹ."

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìyá kan tó ni ilé-iṣẹ́ ńlá pè mí lórí fóònù. "Ọmọbìnrin kan wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun wà lára àwọn tó kọ́ ìkànnì oníbàtà. Ṣé òtítọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ ṣọ́ra fún un, mà. Ó máa ń pe iṣẹ́ oníṣẹ́ ní tirẹ̀." Ẹ wá wo olè tó mú olóko! Wọn ò gbà á. Mo gbọ́ pé ó fi iṣẹ́ wa sílẹ̀ pátápátá, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò.

Lọ́dún tó kọjá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà ní, "Èyí tó ti lọ ò ní padà. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ èyí tó kù." Mo wá ń kọ́ bí fóònù ṣe ń kàwé fún ènìyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi jókòó tì mí, mo ní kí n fi ojú ewé ara mi dánra wò. Ohùn inú fóònù kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ó fi kan àwòrán: "Ẹyẹ igi mẹ́ta lójú fèrèsé. Abẹ́rẹ́ ló gbẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò lè gbẹ́ ọmọorógùn." Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, ẹni tó kọ èyí mọ̀ yín o!" Ẹ̀rín náà gé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ìdí tábìlì; ó gbé ẹyẹ ìfẹ́ wa wá, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ta ni Abẹ́rẹ́?" Kí n tó dáhùn, ohùn yẹn ti kan àwòrán kejì: "Ìkànnì oníbàtà. Àwa méjì la jọ kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́, mi ò ní gbàgbé."

Ohun tí ojú ń rí ni mo pa rẹ́. Mo gbàgbé etí. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn afọ́jú ti fi mọ̀ mí lólè, tí ẹ̀yin olójú méjì ń patẹ́wọ́ fún mi.

Ìyàwó mi ló bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní, "Abẹ́rẹ́." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á nìyẹn. Ọdọọdún ni mò ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá ẹ ti rí i, bóyá ẹ ti pa á rẹ́." Mo ní mi ò kà á, fóònù ló kà á fún mi. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. "Háà. Ojú yín ńkọ́?" "Ó ń lọ." "Ẹ pẹ̀lẹ́." Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo tọrọ ìdáríjì. Ó ní, "Kò tíì dé ẹnu mi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síbi tí àwọn tó ríran á ti rí i."

Ibẹ̀ nìyí. Mo ti pe ìyá onílé-iṣẹ́ yẹn náà, mo ti kó irọ́ tí mo pa jẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ọjọ́ tí ẹnì kan bá yíjú sí yín pé kí ẹ bá òun sọ̀rọ̀, ẹ má wo bàtà.

Àwòrán ẹyẹ mẹ́ta nìkan ni mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kàn fi ìlà kan kún un, àkọ́kọ́ tí mo máa kọ fún afọ́jú láyé mi: "Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pè wọ́n ní tirẹ̀. Irọ́ ló pa. Ó ń bẹ̀bẹ̀."