Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Kò Jẹ́ Kó Sin Bàbá Rẹ̀

Rárá, Àǹtí Mojọlá, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà sẹ́nu. Ẹ ti sọ ọ́, kò ṣeé gbé mì mọ́. Ẹ ní Màmá ní kí ẹ wá wo ohun tí mo fi de ọmọ àwọn mọ́lẹ̀ ní Houston. Ó dáa, ẹ wò ó. Ẹ ṣí gbogbo yàrá, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Láti àná tí mo ti lọ gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i lójú yín nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí yín tí ẹ ń wo orí mi lókè lọ́hùn-ún bí ẹni ń wá ẹlòmíì. Mo ní kó má burú, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Yẹni wà nílé ìwé, àbúrò yín ò ní í dé títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wa àfi ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn yìí.

Ṣé èmi ni mo ní kó má wá sin Bàbá? Èmi Wùmí? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi di báàgì rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ irú ẹni tí Adélékè jẹ́. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó wà nílé iṣẹ́ epo rọ̀bì, tó ń bá wọn po kẹ́míkà, kó tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà ló ti ń ròyìn: ọ̀gá wí báyìí, páìpù kan bẹ́, òyìnbó kan yọ̀ ṣubú sínú ọ̀dà pẹ̀lú táì lọ́rùn. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹun kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò máa wá ohùn ọkùnrin náà kiri inú ilé.

Nígbà tó yá, owó epo já wálẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ yín ní Nàìjíríà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò rí ti Houston. Àwọn èèyàn ń fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n ń ju kọ́kọ́rọ́ sí bánkì lọ́wọ́, wọ́n ń wọ mọ́tò lọ sí ìlú míì. Wọ́n dá àbúrò yín dúró. Ó ń jókòó sílé, èmi ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mò ń gbé òyìnbó dìde, mò ń gbé wọn dùbúlẹ̀, títí ìbàdí mi fi kọ̀. Ó wá rí iṣẹ́ kan. Ìwé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti gbà ló jẹ́ kí wọ́n lè gbà á síbẹ̀. Ó ní ọ̀dà ni wọ́n ń ṣe. Mo dúpẹ́, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi rò pé ọ̀dà ilé ni, tàbí ọ̀dà mọ́tò. Mo wá bi í pé kí ni wọ́n ń fi ọ̀dà ọ̀hún kùn. Ó ní wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ sọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni.

Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin oníkóòtù méjì dé àdúgbò wa ní Pearland, etí Houston níhìn-ín. Èmi kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Charles, òyìnbó àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, èyí tó kí yín láàárọ̀ tó ń bomi rin koríko, òun ló pè mí sẹ́bàá ọgbà tó ní wọ́n bi òun bóyá ọkọ mi ń mutí, bóyá a máa ń jà, bóyá àlejò ń wá bá wa láti Áfíríkà. Wọ́n lọ bá pásítọ̀ wa. Wọ́n wá bá èmi náà, wọ́n jókòó sórí àga tí ẹ jókòó lé yìí, wọ́n bi mí léèrè orúkọ gbogbo yín, Bàbá, Màmá, ẹ̀yin, títí kan ẹni tó bí Màmá. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan, bí ìjọba ṣe ń wádìí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wò wá bí ẹni tó jí nǹkan.

Ìrìn àjò wá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè yóò ti lọ, ó di Fúráìdé kí á tó fojú kàn án. Níbo? Kò lè sọ. Bí ara ọmọ ò bá yá ńkọ́? Kí n pe ọ́fíìsì, wọn yóò jíṣẹ́. Á padà dé pẹ̀lú iyanrìn nínú bàtà, ètè rẹ̀ á ti gbẹ, á ti là bí ti ẹni tí ọyẹ́ nà, bẹ́ẹ̀ Houston nìyí tí òógùn kì í gbẹ lára èèyàn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má tan ara mi, pé ọkùnrin tí kò lè sọ ibi tó ń sùn, ó ní ẹni tó ń sùn tì. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin náà ì bá gbà wọ́n gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó dí ẹnu ọ̀nà, mo ní kò ní jáde àfi tó bá dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò yín tó ga tó báyìí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Wùmí, kò sí obìnrin níbẹ̀. Má bi mí mọ́, nítorí mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ."

Mo dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bi í mọ́. Mò ń gbọn iyanrìn yẹn kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń sá a, mi ò bi í.

Inú àìbéèrè yẹn náà ni mo wà tí Bàbá fi kú. Ẹ̀yin lẹ pè, èmi ni mo gbé fóònù. Ẹ rántí bí mo ṣe ké? Yẹni rò pé ìyá mi ló kú. Bàbá yín ló gbé ọwọ́ lé mi lórí ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá bá ọkọ mi níhìn-ín, ó ní kí n má jẹ́ kí ebi pa ọmọ òun, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pe ọ́fíìsì, wọ́n jíṣẹ́, ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú wíwú. Kó tó dé, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun, bàtà dúdú, oògùn ibà, gbogbo rẹ̀. Mo ní kó máa lọ, pé àrólé kì í gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ kó jókòó.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Díẹ̀ ló sọ fún mi nínú ohun tí ọ̀gá náà wí: pé kò sẹ́ni tó ní kó má lọ, ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ń dán wò ti kù díẹ̀ kó yọrí, bó bá ré òkun kọjá lásìkò yìí, kó má retí pé òun yóò bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Àbúrò yín wá ní báwo ni ti ilé yìí, báwo ni ti Yẹni, iṣẹ́ wo ló kù ní Houston. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn. Mo ní a ó padà sí apátímẹ́ǹtì, a ti gbé inú rẹ̀ rí, kò pa wá. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi ṣẹlẹ́rìí, ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó wọ gáréèjì lọ, ó jókòó sínú mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí rédíò sókè kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Nígbà tó jáde, ó gbé fóònù. Mò ń gé àlùbọ́sà níbí yìí gan-an. Ẹ̀yin lẹ wà lórí fóònù lọ́hùn-ún, àbí? Mo gbọ́ tó ní, "Ara Wùmí ni ò yá. Oyún ni. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀."

Oyún wo, ẹ̀gbọ́n mi? Ọmọ wo lẹ bá nílé yìí lẹ́yìn Yẹni? Mo dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó wò mí, mo wò ó. Kò lè sọ òtítọ́ fún yín, kò sì mọ irọ́ míì tí yóò pa, èmi ló wà nítòsí, ó wá mú mi. Mo lè já fóònù yẹn gbà. Mi ò já a gbà. Mo rò pé irọ́ kékeré ni, pé bí ìsìnkú bá ti kọjá yóò kọjá.

Kò kọjá. Nígbà tí ẹ ò gbọ́ ìkómọ, ẹ ní oyún ò bàjẹ́, pé oyún ò sí níbẹ̀ rárá, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Àmọ́ dípò kí ẹ bi ọmọ yín, èmi lẹ dá lẹ́bi. Ẹ ní mo ti fi nǹkan sínú ọbẹ̀ fún un. Ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an, ó ti kọ́kọ́ kan ìyá mi. Ìyá mi tí ilé rẹ̀ àti ilé yín jọ wà ní Ìgbájọ, tó jẹ́ pé títì kan ló là wọ́n láàárín. Ó wé gèlè, ó lọ síbi ìsìn òkú Bàbá, ó jókòó láàárín àwọn àna, ibi tó yẹ ẹ́. Wọ́n ní kó dìde. Níwájú àlùfáà, níwájú ìjọ, wọ́n ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ ló ni àyè yẹn, kó máa lọ. Ìyá mi kì í ṣe oníjà. Ó dìde, ó rìn láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹ̀yìn, gbogbo ayé ń wò ó. Kò sọ fún mi. Olúṣẹ́gun àbúrò mi ló sọ. Títí di òní, ìyá mi kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́, ìlú kejì ló ti ń lọ sin Ọlọ́run, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, lójò, lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ ò wá bi mí pé kí ni nǹkan tí wọ́n ń dán wò náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ. Èmi ò búra fún ìjọba kankan, òun ló búra. Ní Nòfẹ́ńbà tó kọjá, à ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní ìjọba ti gbà wàyí pé àwọn ní ọkọ̀ òfuurufú ogun kan tí rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ lókèèrè, kì í rí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fò ó nínú aginjù tí ẹnì kankan ò gbọ́. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn, kò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, nǹkan dúdú kan, igun-igun, bíi páànù tí mọ́tò gùn kọjá. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ àbúrò yín. Ó dìde, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka kan ara àwòrán náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ní, "Mo ti rí i tó ń fò, Wùmí." Yẹni ní kí ló dé tí Dádì ń sunkún.

Mo wò ó títí. Wọ́n fẹ́ ṣe ọkọ̀ tí ojú kò ní rí, wọ́n wá gba ọkọ tí mò ń fojú rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù fún yín: inú rẹ̀ dùn. Láàárín ẹkún yẹn, inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó sì fò, bàbá tí ì bá fi ṣe fáàrí fún gbogbo Ìgbájọ ti wà nínú ilẹ̀. Mi ò lè bínú sí i tán, mi ò sì lè dárí jì í tán. Àárín méjèèjì ni mò ń gbé.

Mo rò pé bí ayé ti mọ̀, yóò pe Màmá. Ó ní wọn ò tíì gbà kí òun sọ pé òun wà níbẹ̀. Ó ní ká ṣe sùúrù. Wọ́n ti fi í sídìí iṣẹ́ míì báyìí, ọ̀dà páìpù lásán, nǹkan tí ọmọdé lè gbọ́, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà. Á jẹun tán, á fọ àwo rẹ̀, á lọ jókòó. Mo bi í pé báwo ni ibi iṣẹ́, á ní ó wà dáadáa.

Kí lẹ wí?

Ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá mi dìde?

Èmi rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ni. Olúṣẹ́gun ò dárúkọ. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀, kò fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ẹ̀yin ni. Mo gbé àpótí yín wọlé láná, mo pọn omi gbígbóná fún yín, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín, ẹ̀yin sì ni.

Rárá, ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí. Mo gbọ́ pé inú yín ò dùn lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ pé ẹ ń wo ojú ọ̀nà títí wọ́n fi kan pósí, àrólé ò dé, ẹ sì ń wá ẹni tí ẹ ó dà á lé lórí. Bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, mi ò mọ ohun tí èmi náà ì bá ṣe. Mi ò ní í ṣépè. Agbára èpè ò sí lára mi mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Lónìí, bí àbúrò yín bá ti wọlé, yóò pe Màmá níwájú àwa méjèèjì, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un pé kó pè. Kó má mẹ́nu kan ọkọ̀ òfuurufú rárá, kó fi àṣírí ìjọba sílẹ̀ fún ìjọba. Kó ṣáà sọ pé Wùmí ò lóyún, Wùmí ò ṣàìsàn, Wùmí ní kí òun wá, òun lòun ò wá. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí Amẹ́ríkà. Orúkọ mi ni.

Tiyín ń bẹ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá padà dé Ìgbájọ, ẹ má tíì tú ẹrù. Ẹ lọ sílé ìyá mi, lọ́sàn-án, nígbà tí èèyàn pọ̀ lójúde. Ẹ má rán ẹnì kankan, ẹ má gbé ẹ̀bùn dání. Ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ ní kó dìde. Yóò ní kò sí nǹkan, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, yóò máa wá àga tí ẹ ó jókòó lé. Ẹ má jókòó. Nínú ilé yìí, ẹ̀yin lẹ jù mí, èmi ni n óò máa kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀ títí ẹ ó fi lọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi jù yín lọ, Àǹtí Mojọlá. Ẹ ó kúnlẹ̀.