Igi Tí Wọ́n Fi Ọṣẹ Fọ̀

Kí n lọ bẹ ta ni? Alhaja, ẹ tún un sọ, bóyá etí mi ló dí. Kí èmi Safiyat wọ hìjáàbù, kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé Mummy Adétóyè, kí n kúnlẹ̀, kí n ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín lásán ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí? Ó dáa. Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó sórí àpótí yìí, ẹ má jókòó sórí igi yẹn, ikán wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, torí ó jọ pé ibi tó dùn mọ́ wọn nìkan ni wọ́n sọ fún yín.

Ẹ̀yin lolórí gbogbo àwa tí à ń ta igi lẹ́bàá ọ̀nà rélùweè yìí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ra igi. Oníbàárà á mú igi méjì, á fi ọ̀kan gbá ìkejì. Tó bá dún kọ́kọ́kọ́, ó gbẹ. Tó bá dún bù, bí ìgbà téèyàn ń lu ìrọ̀rí, ó tutù. Ṣebí Mummy Adétóyè gbá tiwọn? Wọ́n gbá a títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin! Wọ́n tún tú gbogbo ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyá mi fi gbogbo àárọ̀ dì, wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Èyí wọ́. Èyí ní kókó. Èyí dúdú jù. Alhaja, ìgbà wo lẹ rí igi ìdáná tí wọ́n ń wá tó pupa? Ìyá mi ní ẹ má bínú mà, wọ́n ń dì í padà. A fún wọn ní ènì, wọ́n ní ènì náà tín-ín-rín, wọ́n fọwọ́ ara wọn lọ fa ìtì ayìn tó tóbi jù nílẹ̀ yọ. Láti ìgbà tí gáàsì ti wọ́n, àwọn tó máa ń fi áńkáṣíìfù bo imú tí wọ́n bá ń kọjá níwájú wa ló ń wá kọ́ wa bí igi ṣe ń rí. A ní ẹ káàbọ̀ mà.

Ọjọ́ kejì ni mọ́tò Mummy dé. Wọ́n ṣí bùùtù, wọ́n da igi sílẹ̀ gbàràgbàrà. Igi tútù! Oníjìbìtì! Èéfín fẹ́ fọ́ mi lójú, ìrẹsì mi ò jinná, àlejò ọkọ mi jókòó títí dìrọ̀lẹ́! Gbogbo ọ̀nà dúró, Alhaja. Ọlọ́kadà dúró. Àwọn ọmọ Pólì tó ń lọ sí kíláàsì dúró, ọ̀kan ti gbé fóònù sókè. Mo mú igi kan. Ó tutù lóòótọ́, omi ń kán lára ẹ̀. Ìfófòó wà nínú èèpo ẹ̀, ó sì ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Mo ní, Mummy, òjò ò rọ̀ lánàá, kí ló rin igi yìí?

Ẹ gbọ́ èsì. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, wọ́n ní: "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé kí n gbé iyẹ̀pẹ̀ ikán wọ kíṣìnì mi ni? Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó mọ́ tónítóní kí n tó dáná!"

Wọ́n fọ igi! Wọ́n fi ọṣẹ fọ igi ìdáná! Ká ní wọ́n tiẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, ì bá gbẹ díẹ̀! Kí n má rẹ́rìn-ín? Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà ẹ̀ fẹ́ ṣubú, èmi nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní àìkàwé ló ń dà mí láàmú. Èmi! HND mi wà nílé nínú ọ̀rá, ó gbẹ ju gbogbo igi tó wà níbí lọ.

Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí rèé, mi ò sì ní pe obìnrin yẹn ní "wọ́n" mọ́ láti ibí lọ, ẹ má wulẹ̀ bá mi wí. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un. Ìyá mi tí orí àga ni wọ́n ti ń kírun láti ọdún mẹ́ta torí orúnkún, wọ́n kúnlẹ̀ sínú èérún igi, wọ́n ń bẹ ẹni tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Wọ́n tún kó ìdì mẹ́ta mìíràn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní kí wọ́n fi ènì sí i!

Mo gbọ́, Alhaja. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti dé, òun ló ń ṣètò oúnjẹ, ọgọ́rin ìdì ni wọ́n máa rà, tí mi ò bá lọ bẹ̀ ẹ́, Ìjàgbó ni wọ́n máa lọ rà á, gbogbo wa la sì máa pàdánù ẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìyá Habeeb tí ìsọ̀ ẹ̀ kan tiwa ti kó igi kalẹ̀ dè é. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mi ò fi ṣeré. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ ń wolẹ̀? Áà! Ẹ ti ṣèlérí fún un pé ẹ máa mú mi wá! Ẹni kan ṣàṣìṣe, ẹlòmíì kúnlẹ̀, ẹ̀yin olórí wá ní ká lọ kúnlẹ̀ sí i. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Màá ta igi fún un. Àmọ́ kó wá síbí lọ́la, laago mẹ́sàn-án tí ọ̀nà kún, kó dúró síbi tó ti pè wá ní oníjìbìtì, kó ní, "Ìyá Safiyat, igi yín gbẹ, èmi ni mo rin ín." Kò ní kúnlẹ̀. Léèsì ẹ̀ á dọ̀tí, a ò fẹ́ ìyẹn fún un. Kó kàn sọ ọ́ sókè, kí ọlọ́kadà náà gbọ́.

Sùúrù kẹ̀? A ti lo gbogbo ẹ̀ tán. Kẹ̀kẹ́ rèé, mo ti dá a dúró fún yín. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ sókè, Alhaja. Ọ̀gá, ẹ bá wa gbé wọn dé ilé Mummy Adétóyè, ẹ dúró dè wọ́n, wọn ò ní pẹ́. Iṣẹ́ kan péré ni wọ́n fẹ́ jẹ́.