Íǹkì Tí Mo Kùn sí Ìka Bọ̀ọ̀dá Mi

Ẹ gbé abọ́ ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ tó ń wojú wíńdò, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in, torí níbi tọ́rọ̀ yìí ń lọ, èmi náà ò rẹ́rìn-ín débẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi, télọ̀ ni wọ́n ní Ring Road. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́, ìyàwó wọn ló ń bá wọn gé aṣọ báyìí. Èmi ni mo fà á, mi ò sì tíì jẹ́wọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ ìbò yẹn, ẹgbẹ́ kan ní ká má dìbò rárá, ìkejì ní ẹni tí ò bá dìbò, ọ̀tá ìlú ni. Ẹni tó bá sì dìbò, akọ̀wé ìbò á ti ìka rẹ̀ bọ íǹkì, kó má baà dì í lẹ́ẹ̀mejì. Bọ̀ọ̀dá wà lára àwọn tó ní àwọn ò dìbò. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń na ìka sí oníbàárà: “Ẹ wò ó, ó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.” Wọ́n fi ìka yẹn ṣe fáàrí títí ó fi sú mi.

Èmi akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan ní Onírèké, ṣé íǹkì lè wọ́n lọ́wọ́ mi? Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá sùn lọ lórí tábìlì lọ́sàn-án, mo ti àjákù aṣọ bọ íǹkì ọ́fíìsì, mo kùn ún sí àtàǹpàkò wọn. Mo ní tí wọ́n bá jí tí wọ́n tún na ìka yẹn, ẹ̀rín á pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo bá jáde lọ ra ẹ̀pà. Kí n tó dé, Bọ̀ọ̀dá ti jí, wọ́n ti lọ gba bọ́tìnì lọ́wọ́ awakọ̀ kan ní Challenge.

Àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ tí ò fẹ́ ìbò ti dí ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n ń yẹ ìka wò.

“Ọ̀gá, ìka yín dà?”

Ẹgbẹ́ Bọ̀ọ̀dá náà kọ́ yẹn? Wọ́n na ìka láìwò ó. “Ẹ wò ó dáadáa.”

Àwọn ọmọ náà wò ó dáadáa. Kùmọ̀ ni wọ́n fi dáhùn, lórí ọwọ́ yẹn gan-an.

Òmìnira wa ò tíì tó ọmọ iléèwé, ìka la sì ti ń yẹ̀ wò ká tó mọ ọ̀tá. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀; ọwọ́ ni orí télọ̀, èmi ni mo fi tiwọn tẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi Bọ̀ọ̀dá léèrè, wọ́n á ní, “Àwọn jàǹdùkú yẹn ò tiẹ̀ wo ìka mi.” Èmi á tẹjú mọ́ oúnjẹ wọn tí mò ń jẹ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́, àbí kí n máa bá wọn bú àwọn jàǹdùkú lọ?

Mo ka ibi tí mo kọ ọ́ dé yìí sókè fún Bàbá Káfíńtà, àwọn ló gbé Bọ̀ọ̀dá lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí pákó.

“Ìmọ̀ràn kí ni? Èmi ni mo fọ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá ẹ. Íǹkì ìbò kì í bá omi lọ. Íǹkì ọ́fíìsì tí ìwọ kùn, omi lásán ló fọ̀ ọ́ lọ, ojú ẹ̀ ló sì ṣe. Ta tún ni akọ̀wé nínú ilé yín? Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ìwọ ni. Ìwọ ló ń dúró dè.”