Ohùn Kọ́lá Tó Ń Pòórá

Ẹ̀yin ará nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́. Bí mo bá jókòó, n ò ní lè parí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní mi, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹ mọ ohun tí mo ń gbàdúrà lé lórí. Kọ́lá ọmọ mi tó kú, ohùn rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé: orin tó kọ, àti àdúrà tó gbà fún mi nígbà tí àìsàn rẹ̀ ń le. Lọ́jọ́ mìíràn a ó rí wọn, lọ́jọ́ mìíràn kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí nǹkan kan. Táyé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Màmá, dísìkì tó ń tọ́jú nǹkan pamọ́ nínú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Mo ti pààrọ̀ wáyà, kì í ṣe wáyà. Tó bá tutù á ṣiṣẹ́, tó bá gbóná á pòórá. Ẹ má tàn án mọ́ títí n ó fi mú òmíràn wá, ká lè kó ohùn náà sí i."

Mo ní, "Táyé, Rónkẹ́ ìyàwó ọmọ mi ló rán ọ."

Torí èmi ti rí tèmi. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà náà, tí a gbàdúrà lé e lórí fún wákàtí méjì, ohùn á padà. Kó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ, kí Rónkẹ́ ìyàwó Kọ́lá wá jókòó tì í, á pòórá. Níwájú yín níbí ni mo ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa ohùn ọkọ rẹ̀ rẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀.

Nínú oorun náà, ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí àwọn òkú ti ń jìyà. Mo rí Ládépọ̀ onílé, tó lé opó síta nínú òjò. Ó ń ru ògiri ilé náà kiri. Mo rí Àyìnlá, tó ń bá ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn. Ó ń kan ilẹ̀kùn, iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo sunkún, torí mo mọ ìyá àwọn méjèèjì.

A wá dé yàrá kan tó gbóná, tó gbóná, tí ooru rẹ̀ ń wọ egungun, tí àwọn èèyàn jókòó lọ bẹẹrẹ níwájú dígí, tí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ń yọ níbẹ̀, wọ́n á na ọwọ́, ooru á ru, ojú náà á pòórá, wọ́n á ké, á tún yọ, á tún pòórá, kò dúró, kò dúró. Mo rí Fẹ̀hìntọ́lá níbẹ̀, tó pe orogún rẹ̀ lólè nítorí yẹtí tó wà lábẹ́ ẹní òun fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá àga tó ṣófo.

"Ìyá Kọ́lá, ẹ káàbọ̀. Ẹ má tijú. Àwa tá a gbọ́n ju ẹlẹ́rìí lọ la wà níbí."

Mo di aṣọ amọ̀nà mi mú. "Kí ni mo ṣe?"

Amọ̀nà náà ní, "Wákàtí méjì tí ẹ fi ń gbàdúrà, ẹ ti pa á, ó ń tutù. Ìgbà tó ti gbóná ni Rónkẹ́ ń bá a."

"Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà wa ni?"

"Ó gbọ́. Ó rán Táyé sí ọ."

Ó mú mi gòkè, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn olóòótọ́ ń sinmi. Kọ́lá wà lábẹ́ igi, kò húkọ́ mọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ̀rọ̀."

Ó wo ẹ̀yìn mi. "Màámi, Rónkẹ́ dà?"

Ó yíjú padà. Mo jí, aṣọ mi tutù fún òógùn.

Ní Sátidé, Táyé gbé dísìkì tuntun wá. Ó gbé ti Kọ́lá síwájú fáànù, ó ń kó ohùn inú rẹ̀ sínú tuntun díẹ̀díẹ̀. Bó bá pòórá, á dúró kó tutù, á tún bẹ̀rẹ̀. Orin náà jáde. Àdúrà tó gbà fún mi kò jáde. Ó ní títàn tí mo ń tàn án lójoojúmọ́ ló parí rẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Rónkẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ dìde. Ibí kọ́ lẹ ti sọ ọ́."

Nítorí náà, ibi tí mo ti sọ ọ́ nìyí. Rónkẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó fi ohun tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹni tó bá sì gbé ọ̀rọ̀ mi dé ilé tàbí ọjà, kó lọ gbà á padà kí oòrùn tó wọ̀. Mo mọ gbogbo yín lórúkọ, mo sì mọ ẹni tí mo sọ ọ́ fún.