Délé Ló Lé Ẹran, Èmi Ni Mo Gbé E Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tán ná. Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní agbègbè wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Kwara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ yìí. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde sí pápá láti kọ́ wọn ní básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí à ń fọwọ́ jù sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tó wà lókè. Àwọn òbí ń kí mi lọ́nà, wọ́n ń fún mi níṣu. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti lu irin tó ta padà, tí ọmọ kan sì fò sókè láti gbé e, màá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí nǹkan kó sí lójú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, kì í ṣe tèmi. Ẹlòmíràn ló ni ín. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. N kò lù ú, n kò sì jà á lólè. Mo kàn dákẹ́ ni.

Délé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìdòfin ni àwa méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n bí wa sí. Bàbá rẹ̀ ni olórí ọdẹ àdúgbò wa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí koríko gbẹ, àwọn ọkùnrin àdúgbò á jọ lọ dáná sí igbó kan, wọ́n á yí i ká, ẹran á máa sá jáde. Ẹni tó níbọn á yìn ín. Ẹni tí kò níbọn á lé ẹran tó bá fara gbọta, á wọ inú ẹ̀gún tọ̀ ọ́, á gbé e jáde. Itan kan ni ìpín ẹni tó lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, torí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: nílé wa, ẹni tó lé ẹran kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ béèrè itan. Ìtìjú ni. Á dúró sẹ́yìn, á wolẹ̀. Ẹni tó yìnbọn ni yóò pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, á ní, “Èmi ni mo ta á, lágbájá ló lé e.” Tí kò bá pe orúkọ ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lé e nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti parí. Láti kékeré mi, n kò rí ẹni tó fi orúkọ pamọ́ rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é, kì í sì í ṣe inú igbó ni mo ti ṣe é.

Ilé-ìwé àwọn tíṣà ni a wà nígbà náà, lọ́nà Ìlọfà. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira, gbogbo nǹkan ń dùn mọ́ wa. Tíṣà kan tí wọ́n gbé wá bá wa láti ìsàlẹ̀, lápá gúúsù, ló kó básíkẹ́ẹ̀tì dé. Àwa fúnra wa la fi ọkọ́ tẹ́ pápá náà, a fi ọmọ odó gún ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi le. Alágbẹ̀dẹ kan ní Òkè-Ọ̀pìn ló rọ irin apẹ̀rẹ̀ fún wa, a kàn án mọ́ pákó. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ apẹ̀rẹ̀ náà, ni wọ́n bá fi mí jẹ olórí ikọ̀. Délé ńkọ́? Háà! Ọwọ́ Délé le bí ẹrúkọ́. Tó bá ju bọ́ọ̀lù, á kọjá lórí pákó, á lọ balẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí Délé bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, kí àwọn tó ń se oúnjẹ yáa kó ewúrẹ́ wọlé. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wo ló máa lu irin tó máa ta padà tí Délé ò ní gbé? Kò ga jù wá lọ o. Ó kàn máa ń mọ ibi tó ń bọ̀ ni. Mo bi í lọ́jọ́ kan bó ṣe ń ṣe é. Ó ní tí ẹran bá fara gbọta, èèyàn kì í wo ìbọn mọ́, ẹsẹ̀ ẹran lèèyàn ń wò. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, òun ò rí mi mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ajá-ọdẹ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Ìlọrin ń bọ̀ wá bá wa figagbága. Wọ́n ní ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ á wá wò wá, ẹni tó bá sì gba iyì jù nínú eré ọjọ́ náà, ìjọba á rán an lọ sí ilé-ìwé gíga kan lọ́nà Kàdúná, kó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá. Ẹnì kan ṣoṣo! Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ẹ nínú wa, ṣùgbọ́n Délé ló nílò rẹ̀ jù. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ọdún yẹn lòpin, pé tí gbogbo bọ́ọ̀lù tó ń sá tẹ̀lé kiri kò bá bí nǹkan gidi, kó padà wá gbé ọkọ́. Bàbá tèmi ò sọ irú ẹ̀ fún mi. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, màá ṣe tíṣà kíláàsì, ayé ò ní bàjẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo mọ̀.

Ọjọ́ eré pé. Àwọn ọmọ Ìlọrin dé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì funfun, wọ́n ga bí òpó. Àwa, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Ọ̀gá tí à ń retí kò tíì dé, wọ́n ní táyà ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ lọ́nà, ni wọ́n bá fun fèrè láìdúró dè é. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi kú lọ́jọ́ yẹn! N kò mọ̀ bóyá ọyẹ́ ni àbí ìbẹ̀rù. Mo jù ú, ó lu irin. Mo tún un jù, ó lu pákó. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ kan nǹkan kan. Ọkùnrin kan láàárín èrò béèrè pé ta ló fi epo pa mí lọ́wọ́, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èmi nìkan, ọwọ́ gbogbo wa ló kọṣẹ́. Nígbà tí a lọ sinmi láàárín eré, àwọn àlejò ti fi ayò púpọ̀ jù wá lọ. Mo ní kí Tíṣà jẹ́ kí n jókòó, kí ẹlòmíràn máa jù ú. Tíṣà wò mí, ó wo Délé tó ń fi yẹ̀pẹ̀ pa ẹ̀jẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Tíṣà ní, “Kò sẹ́ni tó máa jókòó. Ẹ máa jù ú lọ. Tí kò bá wọlé, Délé á gbé e wá.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí irú ẹ̀ mọ́ títí di òní. Mo ń jù ú, kò wọlé, Délé ń gbé e. Ó ń kó sí abẹ́ apá àwọn òpó Ìlọrin wọ̀nyẹn bí ọ̀yà tó wọ koríko, ó ń fi ìdí tì wọ́n sẹ́yìn, ó ń fò. Bọ́ọ̀lù tó ti ń yí lọ síta, Délé á fi àyà bò ó mọ́lẹ̀, á jù ú sí mi látorí ilẹ̀ níbẹ̀. Nígbà mìíràn màá ju ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa lọ gbé e wá. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ń bínú síra wọn. Ọwọ́ wọn dára ju tiwa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n báwo lẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù mú ṣe fẹ́ jù ú? Díẹ̀díẹ̀ a bá wọn. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ ọ̀gá yẹn wọlé, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń nu eruku ojú. Mo ju bọ́ọ̀lù, ó lu irin. Délé fò láàárín àwọn mẹ́ta, wọ́n gbá a nígbọ̀nwọ́ lẹ́nu, ó gbé e, ó fi í lé mi lọ́wọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹni fi omi fún àlejò. Mo jù ú. Ó wọlé. Fèrè dún.

Èyí tó wọlé yẹn nìkan ni ọ̀gá náà rí. Ó bọ́ sáàárín pápá pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé wa, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì béèrè lójú gbogbo èèyàn pé ta ló jẹ́ kí a borí. Tíṣà kò sí nítòsí, ó ti gbé ọmọ kan tó fi ẹsẹ̀ rọ́ wọ kíláàsì. Gbogbo ikọ̀ ń wojú mi, torí èmi lolórí wọn. Délé ti bọ́ sẹ́yìn. Ó wolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó dúró bí àwọn tó lé ẹran ṣe máa ń dúró nílé wa. Ó ń retí. Mo mọ̀ pé ó ń retí. Orúkọ kan péré ni mo fẹ́ pè. Àní ó ti dé orí ahọ́n mi.

Mo ní, “Èmi ni mo jù ú, sà.”

Ṣé irọ́ ni? Èmi ni mo jù ú lóòótọ́! Irú òótọ́ yẹn ló ń pa èèyàn. Ọ̀gá náà kọ orúkọ mi sílẹ̀. Nígbà tí Tíṣà jáde tó gbọ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun fún mi di ọjọ́ Ajé láti fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ọjọ́ Ajé dé, mo ní inú ń run mí. Tíṣà lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ìwé ti lọ sí Ìlọrin, kò ṣeé fà padà.

Ìyẹn ìbá mọ bẹ́ẹ̀. Ní ìsinmi, bàbá Délé pè mí wá síwájú ilé rẹ̀. Ó jókòó, ó ń nu ìbọn. Kò mọ nǹkan kan nípa básíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Délé wà níbẹ̀, ó ń fi àáké la igi ìdáná.

Ó ní, “Mo gbọ́ pé ìwọ lo ta ẹran ọ̀hún. Ta ló lé e?”

Mo gbọ́ tí àáké Délé dúró. Ẹ sọ fún mi, kí ló ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn? Ìwé ti jáde, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Kí ló máa ná mi láti pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi létí bàbá rẹ̀? Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí mo bá pè é níbí, wọ́n á bi mí ìdí tí n kò fi pè é lọ́hùn-ún. Mo ní, “Kò sí o, bàbá. Gbogbo wa la kàn ń sáré.” Bàbá Délé mi orí, ó padà sídìí ìbọn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní asárélásán. Délé ò bá mi jà, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásì. Kò wálé mọ́ láti ìgbà náà.

Bàbá Délé kú nínú òjò tó kọjá yìí. Àbúrò Délé ló da yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí àkọ́bí dà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Kò mọ̀wé. Ó ní èmi ni ọ̀rẹ́ ọmọ òun, kí n bá òun kọ lẹ́tà pè é wálé. Mo kọ ọ́. Èsì dé sí posọ́fíìsì, ìyá tẹ̀lé mi lọ gbà á, a sì jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀ kí n kà á sí i létí. Ohun tí Délé kọ nìyí: “Mo gbọ́ ikú bàbá mi, mo sì sunkún. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti mọ̀ mí sí aláìwúlò, n kò lè wá jókòó níbẹ̀. Ìwọ lo mọ ohun tó yẹ kó o ṣe sí i.” Mo kà á lójú, n kò kà á lẹ́nu.

Ìyá ní, “Ọma mi, kí ló sọ? Ṣé ó ń bọ̀ wá ulé?”

Mo ní ó ń bọ̀. Mo ní iṣẹ́ ló dá a dúró díẹ̀. Háà, èmi yìí! Obìnrin náà kúnlẹ̀ lójú títì, ó ń súre fún mi. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pa yàrá Délé. Ó ti tún ilẹ̀ rẹ̀ lù, ó fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé pa á títí ó fi ń dán, ó ra ẹní tuntun. Ó wá bi mí lánàá bóyá Délé á ti kó ìyàwó bọ̀ láti Kùmásì, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa tẹ́ ibùsùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá yìí ti wúwo jù fún mi. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, àwọn ọdẹ á péjọ síwájú ilé olóògbé láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Ṣé kí n dìde láàárín wọn kí n sọ ọ́, kí ìyá gbọ́ ọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá a nínú yàrá tó ń pa yẹn, lóun nìkan? Tí wọ́n bá lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó tọ́. Tí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bá ń fi mí ṣẹ̀sín, ó tọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò fi ní pa obìnrin náà, tí ọmọ rẹ̀ á sì gbọ́ ọ ní Kùmásì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ìyẹn, mo ti ṣe é.